Ìfun Màlúù Tó Gbé Ọkọ̀ Ogun Lọ Sókè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ìfun màlúù ṣiṣẹ́ jẹun ní Chicago, mi ò sì pa màlúù kan ṣoṣo rí. Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Àlájì Ràṣídì tún ti bẹ̀rẹ̀. Sìmíà, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Tinley Park, ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ogún ọdún ni. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì. Òun sì ń wò ó pé nǹkan mìíràn ni ọwọ́ òun fẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi lọ́jọ́ Àìkú kan, ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ ìlú yìí, tí orúnkún ò tilẹ̀ kanlẹ̀ tán kí wọ́n tó dìde. Ó ní, "Big Daddy, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ni iṣẹ́ yín?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo mọ̀?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wo ọ̀nà iṣẹ́ yán-ányán-án.

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, alápatà ni bàbá mi. Ìyá mi ni wọ́n ń kó ìfun fún. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé pípa màlúù ni iṣẹ́. Pípa kò pẹ́. Ìfun ni iṣẹ́. Ìyá mi á tú u, á yí inú rẹ̀ síta, á fi eérú fọ̀ ọ́, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ títí á fi mọ́ bí aṣọ àlà. Èyí tó bá ti gbẹ tó sì le, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi ń dá a padà. A máa ní, "Omi gbígbóná á sè é, omi tútù á mú un bínú." Ìka mi ti mọ ìfun kó tó mọ gègé. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo rò pé mo ti fi òkun sáàárín èmi àti ìfun. Mi ò mọ̀ pé iwájú ló lọ dè mí.

Bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo dé nínú òtútù, mo wa takisí díẹ̀, wọ́n wá gbà mí ní sẹ́kiúrítì ní músíọ̀mù kékeré kan tí wọ́n ti ń tọ́jú nǹkan àwọn ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Músíọ̀mù náà gan-an ti ti ilẹ̀kùn báyìí, wọ́n ti pín àwọn ẹrù rẹ̀ fún àwọn tó tóbi jù ú lọ.

Ní ẹ̀yìn ilé náà ni yàrá àtúnṣe wà. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Mísì Lọ́tì, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ Chicago pọ́ńbélé, tó ń gbé ní Chatham níbi tí èmi náà padà wá ra ilé sí. Ó ga, ó gbẹ, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń rìn yí ilé ká, mo rí i tó tẹ́ nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sórí tábìlì, ó rí bíi bébà tí òróró ta sí. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Ìfun nìyẹn, mà."

Kò gbójú sókè. "Kí lo sọ?"

"Ìfun màlúù ni. Kì í tún ṣe ìfun lásán. Àpò kan wà níbi tí ìfun tín-ín-rín ti bọ́ sínú ìfun ńlá. Awọ òde àpò yẹn nìyí. Ìyá mi máa ń bó o dànù ni."

Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè. "Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ti wo èyí lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n pè é ní bébà. Ta ni ọ́?"

"Sẹ́kiúrítì ni mí, mà."

"Mo rí aṣọ lọ́rùn ẹ. Ta ni ọ́ ni mo bi ọ́."

Bí mo ṣe bọ́ aṣọ sẹ́kiúrítì nìyẹn, mo di ọmọ iṣẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ìfun ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Kí bàálù tó gbajúmọ̀, gáàsì ni ọmọ èèyàn fi ń gòkè. Bàlúùnù lásán kò ní eegun. Bí gáàsì bá jò, á rọ̀ wọ̀ọ̀. Àwọn ará Jámánì wá rò ó pé kí àwọn fún un ní eegun. Wọ́n fi irin fúfúyẹ́, irú èyí tí a fi ń rọ ìkòkò aluminiọ́mù, ṣe ìhà fún un, ìhà lẹ́yìn ìhà, títí ọkọ̀ kan fi gùn bí òpópónà. Wọ́n fi aṣọ bò ó láti òde. Wọ́n wá to àwọn àpò gáàsì ńláńlá sáàárín ìhà náà, bí Ọlọ́run ṣe to fùkù sí àyà màlúù. Nínú àpò yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Rọ́bà wúwo, ó sì lè ta pàrà iná kékeré tí gáàsì á fi gbiná. Aṣọ ń jò. Ìfun màlúù ló fúyẹ́, tí kò sì jò. Bí o bá tẹ́ méjì rẹ̀ léra ní tútù, tí o sì jẹ́ kó gbẹ, ara á lẹ̀ mọ́ ara láìsí gọ́ọ̀mù.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ eléegun yìí ṣọ́ ojú òkun, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi í ju bọ́ǹbù sórí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ kan ń jẹ ìfun màlúù tí kò lóǹkà, débi pé wọ́n ka sọ́séèjì léèwọ̀ ní Jámánì, torí ìfun tí wọ́n fi ń ṣe é, ogun ti gbà á. Fún sáà kan, ó ń fò ga kọjá ibi tí ìbọn lè dé. Nígbà tó yá, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọta tó ń gbiná, gáàsì tó gbé ọkọ̀ náà sókè ló wá di epo tó ń sun àwọn tó wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn lẹ́yìn ogun, wọ́n lo gáàsì tí kì í jó, ìjì sì já wọn sí wẹ́wẹ́. Bàálù wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù, irin díẹ̀ àti awọ díẹ̀, ni wọ́n ń gbé wá sórí tábìlì wa.

Mísì Lọ́tì le. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan àtijọ́ kankan. Mò ń fọ gíláàsì, mò ń ge bébà, mò ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé. Bí mo bá kọ "ó gbó," á ní, "Báwo ló ṣe gbó? Níbo ló ti gbó? Gbogbo wa la gbó." Lọ́jọ́ kan mo fi ìka kan etí awọ kan péré, ó gbá mi lẹ́yìn ọwọ́ bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ gbọ́n ju orí ẹ lọ. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro ẹ. Ohun tí o kò bá lè tú, má so ó."

Inú bí mi. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo ti bímọ. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹ bá ń wá ọ̀gá, ẹ má wá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ wá ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ yín.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba irinṣẹ́, torí Sìmíà bèèrè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, eegun pẹlẹbẹ kan, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, awò tí a fi ń sọ nǹkan di ńlá, àti imú ẹni ni. Bẹ́ẹ̀ ni, imú: awọ tó ń kú ní òórùn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìkùukùu tútù dé, ó ń rọ awọ díẹ̀díẹ̀ láìfi omi kàn án. Kọ̀ǹpútà dé. Ní àwọn ọdún tí mo lò kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ ń ya àwòrán awọ láti inú dé òde, wọ́n á ní, "Mr. Rasheed, ẹ wá wò ó lórí screen." Mo ń wò ó. Ó dára. Ká ní a ti ní ẹ̀rọ ìkùukùu yẹn láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, bóyá mi ò ní ìtàn tí mo máa sọ.

Ọdún kẹfà mi ni. Bàbá arúgbó kan, Mista Dọ́bìn, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Homewood wá bá wa pẹ̀lú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ apá. Òyìnbó ni, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ègé awọ àpò gáàsì kan, tó tó ẹní ìkírun, ló wà nínú agolo náà, ó ti ká kò, ó ti le. Ó ní bàbá òun ṣiṣẹ́ ní odò ẹran ńlá tó wà ní Chicago láyé àtijọ́ kí wọ́n tó mú un lọ jagun ní Faransé. Ìjì gbá ọkọ̀ Jámánì kan kúrò lọ́nà, ó já sí pápá níbẹ̀. Àwọn sójà yòókù ń já irin. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ pa àpò gáàsì, ó ní, "Ìfun rèé," wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó gé èyí mú bọ̀ wálé.

Mista Dọ́bìn fi ọ̀pá tọ́ka sí igun kan. Lẹ́tà méjì wà níbẹ̀, tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ: L àti K.

"Obìnrin tó lẹ awọ náà ló kọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá parí tirẹ̀, á fi àmì orúkọ sí i, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa pè bó bá jò. Bàbá mi kórìíra ogun yẹn. Ṣùgbọ́n a máa ń wo lẹ́tà yìí, a ní, 'Ta ni ọmọbìnrin yìí? Ebi ń pa á, ìfun tí kò gbọdọ̀ jẹ ló ń lẹ̀.' Èmi gan-an, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ó yá wa ní awọ náà kí a lè tẹ́ ẹ kó nà, kí a sì gbé e síwájú àwọn èèyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní kí Mísì Lọ́tì wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ń fi pa mọ́. Ó ní, "Ràṣídì, máa wò ó nìkan. Títí n ó fi dé."

Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún mo sọ fún ara mi pé tí ọ̀gá bá dé tó bá a ní nínà, inú rẹ̀ á dùn. Kí ló le nínú ìfun tó gbẹ? Èmi ọmọ ìyá mi! Mo po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo rẹ òwú sí i, mo fi pa awọ náà.

Ìfun tí ìyá mi ń dá padà, ìfun ọ̀sẹ̀ kan ni, ti oṣù kan ni. Èyí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Inú rẹ̀ ti kú. Bí omi náà ṣe kàn án, ó fà, ó ká jọ bí ìgbín tí wọ́n bu iyọ̀ sí, ó ń yọ̀ bí omi ẹran tó dì. Mo fẹ́ fi ọwọ́ nà án, ó ń bá ọwọ́ mi lọ. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó tó ẹní ìkírun ti kéré sí àtẹ́lẹwọ́. L àti K ti di ẹyọ ìlà dúdú kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fi ẹ̀sọ̀ mú un, ó ṣì bàjẹ́, torí ẹ̀sọ̀ aláìgbọràn ni.

Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Mo jókòó. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé mi, kò sì sí yàrá àtúnṣe kankan nílẹ̀ yìí tó máa gba ẹni tó ba nǹkan oníǹkan jẹ́. Èrò kan wá wọlé sọ́kàn mi, ó jókòó bí àlejò tó gbé àpò dání: ta ló tún mọ awọ yìí ṣe ní gbogbo Chicago bí kò ṣe ìwọ?

Mo wakọ̀ lọ sí oko tí Àlájì Múfú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń pa màlúù fún àwa Mùsùlùmí.

"Àlájì, àpò ìfun ni mo wá gbà. Ti màlúù mẹ́wàá."

"Ràṣídì, ṣàkì wà níbí, ẹ̀dọ̀ wà, o ní àpò ìgbẹ́ lo fẹ́? Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wà?"

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí bàálù lo ní ò ń tọ́jú."

"Bàálù náà ni."

Ó wò mí títí. "Ọlọ́run á wò ọ́ sàn."

Inú basement ilé mi ni mo ti ha wọ́n. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Òórùn náà gba orí àtẹ̀gùn gòkè. Ìyá Wàsíù, ìyàwó mi, dúró lókè, ó fi ìborùn dí imú.

"Bàbá Wàsíù, gbogbo ohun tó wà ní Amẹ́ríkà, ìfun lẹ tún gbé wálé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi tó bá jẹ́ pé wọ́n ti lé yín níbi iṣẹ́."

Mo ní, "Wọn ò tíì lé mi."

Ó gbọ́ "tíì" yẹn. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó tilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn dùn mí ju bí ì bá ṣe pariwo lọ.

Mo tẹ́ awọ léra, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi omi tíì sọ ọ́ di àgbà. Ó jọ ọ́. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ díẹ̀. Òun náà ni. Mo wá mú pẹ́ńsù, mo kọ L àti K sí igun rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ wúwo. Lílẹ awọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Orúkọ obìnrin yẹn, ti ta ni?

Mísì Lọ́tì dé pẹ̀lú awò dúdú lójú. Mo tẹ́ awọ tuntun síwájú rẹ̀. Ó rọra fi ẹ̀yìn ìka pa á láti orí dé ìdí.

"O nà án," ó ní. "Ràṣídì, o nà án láìsí èmi." Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò yìn mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa ìwé àyẹ̀wò mọ́ra, ìwé tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí pé ohun tó wà nílẹ̀ ni ohun tí wọ́n gbé wá, ó sì ń fi ìka wá ibi tó máa kọ orúkọ sí, torí kò rí i dáadáa.

Bó bá fọwọ́ sí i, irọ́ mi ti di tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé tó fi ṣiṣẹ́ á wà lábẹ́ irọ́ yẹn.

"Ẹ má fọwọ́ sí i, mà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó bọ́ awò rẹ̀.

"Èyí tó bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"O ò jù ú nù?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Òmùgọ̀ ni ọ́, o kì í ṣe olè. Gbé fóònù, kí o pè é."

"Ẹ ò ní bá mi pè é, mà?"

"Èmi ni mo bu omi sí i?"

Mista Dọ́bìn dé lọ́jọ́ kejì. Mo gbé awọ méjèèjì síwájú rẹ̀. Ó wo èyí tó ti ká jọ, ó fi ìka kan ìlà dúdú yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa tó irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù yàrá àtúnṣe.

Bàbá náà fò sẹ́yìn. "Kí ló ṣe é? Ṣé ó ṣubú ni?"

Mísì Lọ́tì ní, "Kò ṣubú. Ó ń bẹ̀ ọ́."

"Sọ fún un kó dìde. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá dùbúlẹ̀."

Mo dìde. Ó ti gbé awọ tuntun síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Lẹ́tà yìí ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Èyí ni mo bínú sí." Kò pariwo. "Awọ lè bàjẹ́. Bàbá mi á ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá bí kò bá bẹ̀rù ìyá mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò ṣiṣẹ́ lórí èyí. O gba nǹkan ẹ̀ kan ṣoṣo tó kù, o tún lọ fi sára iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí tábìlì, ó mú rọ́bà ìparẹ́, ó fà á fún mi. Mo pa L rẹ́. Mo pa K rẹ́. Ó tún mú pẹ́ńsù.

"Kọ tìrẹ."

Mo wo Mísì Lọ́tì. Mo kọ R fún Ràṣídì, mo kọ A fún orúkọ bàbá mi, kékeré, ní igun lọ́hùn-ún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní tètè rí i.

Bàbá náà gbé fìlà rẹ̀. "Ẹ gbé méjèèjì kọ́ síbi kan náà. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ wọn. Kí òun náà máa báṣẹ́ lọ. Ta ni n ó tún bá sọ̀rọ̀ ìfun?"

Nígbà tí ìró ọ̀pá rẹ̀ ti jìnnà, Mísì Lọ́tì gbé imú sún mọ́ igun awọ náà, ó ń fi ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là wá a kiri.

"Kí lo kọ? Mi ò rí nǹkan kan níbí."

"R àti A, mà."

"Pa á rẹ́, kí o kọ ọ́ kó tóbi. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n máa bú."

Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.